Kọ̀ǹpútà Màmá Atẹ̀wé Tí Kò Lójú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Màmá Atẹ̀wé á rò pé olè ti jà níbẹ̀. Tábìlì wà, kíbọọ̀dù wà, pirintà wà, àpótí kọ̀ǹpútà sì ń kùn lábẹ́ tábìlì, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí sikírínì wà, ife omi ló wà níbẹ̀. Oníbàárà á wo ọ̀tún, á wo òsì. Màmá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jókòó jàre. Kí ni n ó fi sikírínì ṣe? Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó? Mo ti tà á."

Lóòótọ́ ló tà á. Àrùn ojú kan tí kì í dun èèyàn rárá, àfi kó máa jí ìmọ́lẹ̀ gbé díẹ̀díẹ̀, ló mú ojú rẹ̀ méjèèjì lọ. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò bá ojú lọ. Láti ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláriwo tí wọ́n ń fọwọ́ lù ló ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ìka rẹ̀ sì mọ ilé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí yóò máa sọ ohun tí ìka kọ fún un nìkan ló kù.

Onírùngbọ̀n, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló yanjú ìyẹn. Ó yọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń tà tí gbogbo ayé mọ̀, ó fi òmíràn tí wọ́n ń pè ní Linux sí i. Linux yìí, kò sí ilé-iṣẹ́ kan tó lè ní òun nìkan ló ni ín. Àwọn tó kọ ọ́ ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Onírùngbọ̀n kó gbogbo àwòrán àti àwọ̀ tí Màmá ò nílò kúrò, ó fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tirẹ̀, ó sì fi ohùn kan sí i tó ń ka gbogbo ohun tí Màmá bá tẹ̀. Ohùn náà yára ju sísọ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ẹyẹ ẹ̀ga ló ń jà nínú àpótí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o, kì í ṣe ọjọ́ kìíní ló dùn. Pirintà yarí, ó ní òun ò mọ Linux rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń tà, kí o ki wáyà bọ̀ ọ́ ni, ó parí. Onírùngbọ̀n béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ẹnì kan tí kò rí rí fi dá a lóhùn láti ìlú tí kò dé rí. Ẹni tó bá fẹ́ ohun ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Èmi ò ní in, Màmá ní in.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Iṣẹ́ ìbánigbófò ni ọmọ yìí ń ṣe, ìdí kọ̀ǹpútà olówó ló ń jókòó sí láàárọ̀ dalẹ́, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀ débi ìbẹ̀rù. Ọjọ́ tí omi gbígbóná bó Màmá lọ́wọ́, ó ní ó tó gẹ́ẹ́: kí Màmá ti ṣọ́ọ̀bù pa, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun.

"Kí n wá jókòó máa ṣe kí ni?" Màmá bi í. "Kí n máa ka ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé?"

"Màámi, bí Onírùngbọ̀n bá kó lọ lọ́la ńkọ́? Ta ló tún mọ nǹkan tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí? Ẹ lo èyí tí gbogbo èèyàn ń lò. Bí ẹ bá lè fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ò bá ṣeé ṣe, ẹ ó tẹ̀ lé mi."

Màmá gbà, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tuntun dé, a ò sì ní bú u. Òun náà ní ohùn tó ń kàwé, ohùn tó dùn bíi ti akéde rédíò. Pirintà gbọ́ràn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan fẹ́ fi gboyè. Àfi bó ṣe tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó bá a pé ó ti sọ ara rẹ̀ di tuntun láìbi ẹnikẹ́ni. Ohun tó wà lósì ti lọ sọ́tùn-ún. Níbi tí Màmá ti máa ń tọ́jú iṣẹ́, ohùn dídùn náà ń polówó ọjà fún un. Ẹni tó ríran á kùn díẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ti Màmá, ńṣe ló dà bí ìgbà tí àlejò onínúure wọ yàrá afọ́jú, tó tún gbogbo àga tò. Gbogbo àárọ̀ ló fi ń kọsẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ náà dé, wọ́n wá ìdajì iṣẹ́ tì. Akẹ́kọ̀ọ́ sunkún, Màmá náà sunkún.

Àkọ́bí dé nírọ̀lẹ́, ó rí iṣẹ́ náà kíá níbi tí kọ̀ǹpútà tọ́jú rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Màámi, àdéhùn ni o. Ọjọ́ Sátidé ni n ó gbé mọ́tò wá."

Màmá ò jiyàn. Ó dùn ún dé ọkàn, ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí. Ó kàn ní òun ò ní fi iṣẹ́ àwọn èèyàn sílẹ̀ láìparí. Ó ranṣẹ́ sí Onírùngbọ̀n kó gbé àpótí àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ padà wá. Bí ìyẹn ṣe fẹ́ na ọwọ́ sí kíbọọ̀dù, Màmá gbá a lọ́wọ́.

"Má fọwọ́ kàn án. A fẹ́ yọ Linux inú ẹ̀ kúrò, ká tún un fi sí i látìbẹ̀rẹ̀, kí èmi náà lè mọ nǹkan tó wà níbẹ̀. Ìwọ máa sọ ọ́, èmi ni n ó máa tẹ̀ ẹ́."

Ohùn ń ka ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Màmá ń dá a lóhùn. Ó bà á jẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bà á jẹ́. Ó bú kíbọọ̀dù, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, obìnrin yìí sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é títí ó fi yọrí, Onírùngbọ̀n bá tirẹ̀ lọ wá oúnjẹ jẹ.

Nígbà tó di Sátidé, àkọ́bí gbé mọ́tò sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí bùùtù sílẹ̀. Ó wọlé, ó bá èrò lórí bẹ́ǹṣì. Bàbá arúgbó kan ń pe ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, Màmá ń tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá, ẹ ti ní inú yín dùn lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ló dùn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ohùn kọ̀ǹpútà ti dákẹ́ lójijì. Àkọ́bí yíjú sẹ́nu ọ̀nà kó lọ pe Onírùngbọ̀n. Màmá ò pe ẹnikẹ́ni. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ó dẹtí, ó tẹ òmíràn, ó dúró díẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀ga tún bẹ̀rẹ̀ ariwo.

"Ó ti jí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Bàbá."

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ síwájú. Obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì fà á láṣọ. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, a ti wà ńbí kí ẹ tó dé. Ẹ jókòó sẹ́yìn mi."

Ó jókòó. Bí àwọn tó kù ṣe ń sún síwájú lòun náà ń sún, ó ń wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, títí ó fi kàn án.

"Ta ló kàn?"

"Èmi ni, Màámi."

Ìka Màmá dúró. "O ti gbé mọ́tò dé."

"Mo ti gbé e dé. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ̀. Onílé ṣọ́ọ̀bù yìí la fẹ́ kọ ọ́ sí. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kó wá ẹlòmíràn tó máa gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ sọ fún un pé… Ẹ sáà mọ bí ẹ ṣe máa kọ ọ́."

Kò pẹ́ tí Màmá tẹ̀ ẹ́ tán. Ohùn inú àpótí kà á fatafata, ọmọ ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀.

"Kí ló sọ, Màámi?"

"Ó ní ìyá ẹ ò lọ síbì kankan."