Ṣòkòtò Ọjọ́ Òmìnira

Òórùn kòkó tí ìyá mi sá síwájú ilé wa ní Aládé ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà, òun àti òórùn káákì tuntun. Mo ti jí kí àkùkọ tó kọ, torí èmi ni mo fẹ́ gbé àsíá ilé ìwé wa lọ́jọ́ òmìnira. Mo wọ ṣòkòtò péńpé tí wọ́n rán fún wa, mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀.

Àwa tí a fẹ́ yan ní pápá kò tó mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tán. Oko kòkó lọ́nà Ofosu ni wọ́n wà kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó dé, wọ́n ti ń hu irùngbọ̀n ní kíláàsì kẹrin. "Bọ̀dá" là ń pè wọ́n. Télọ̀ tó fẹ́ rán ṣòkòtò wa ní ìwọ̀n kan ṣoṣo lòun fẹ́, kí iṣẹ́ lè yá. Ni tíṣà wa bá wọn ìbàdí gbogbo wa, ó rò ó pọ̀, ó fi iye orí wa pín in, ó ní ìpíndọ́gba ti jáde. Ohun tó jáde fún àwọn bọ̀dá pinpin níbàdí, ó sì ń bọ́ lára àwa tó kù. Ta ni wọ́n wá rán an fún?

Ìyá mi fi okùn so tèmi níbàdí. "Ọmọ ìka ò dọ́gba," ó ń kùn, "wọ́n ní òrùka kan ni kí gbogbo wọn wọ̀." Tíṣà rí okùn náà ní pápá, ó tú u, ó ní ó ń ba yunifọ́ọ̀mù jẹ́.

Mo fi ọwọ́ kan gbé àsíá, mo fi èkejì di ṣòkòtò mú. Nígbà tí a dé iwájú àwọn àgbààgbà ìlú, tíṣà pariwo pé ká gbọ́wọ́ sókè kí wọn. Kí ni kí n ṣe? Mo kí wọn. Ẹ̀rín tó sọ ní pápá yẹn, bí kò bá dé orí òkè Ìdànrè, ó kù díẹ̀. Wọ́n gba àsíá lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e fún bọ̀dá kan tí bọ́tìnnì ṣòkòtò tirẹ̀ ti já.

Nígbà tí ìyá mi lọ bá a, tíṣà kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Màmá, ìṣirò mi pé o."

"Ó pé, Tíṣà," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ṣòkòtò ni ò dúró."

Èmi náà ti di tíṣà ìṣirò báyìí. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ náà sunkún délé. Ní tèmi lónìí, inú ló ń bí mi, bí ẹnìkan bá ti da àwọn ńlá díẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn kékeré púpọ̀, tó pín in, tó ní òun ti mọ bí gbogbo wọn ṣe rí. Ní kíláàsì mi, mo máa ń kọ́kọ́ ní kí àwọn ọmọ tò, láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó tóbi jù, ká wo ẹni tó bọ́ sí àárín.

Ká ní tíṣà tò wá bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí ni, èmi gan-an ni ì bá wà láàárín, ìwọ̀n ìbàdí mi ni télọ̀ ì bá sì fi rán an.