Ìkúnlẹ̀ Àárọ̀ Ọjọ́ Kejì

Ní ọdún tí odò Ògùn kún tó fẹ́ gbé afárá Láfẹ́nwá lọ, èmi yìí ni mo gbé odidi màlúù kọ́rùn, tí mo sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá sí òdìkejì. Ọwọ́ kan ni mo fi ń lúwẹ̀ẹ́. Sìgá wà ní ọwọ́ kejì, mo sì ń fà á lọ títí mo fi gúnlẹ̀, omi ò kan iná orí rẹ̀. Màlúù náà sùn lọ lọ́rùn mi, ó tún ń hanrun. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi màlúù.

Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fún mi ní àga ni mo ti ń sọ ọ́. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò fa màlúù yẹn wọ kọ́ọ̀tù.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó máa tẹ̀lé ọkọ̀. Sìmẹ́ńtì ni mo fi tírélà kó láti Papalanto títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo wá gba yàrá kan sí ẹ̀yìn ọjà Láfẹ́nwá. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ló wà ní yàrá tó tẹ̀lé tèmi. Ó ti lé lógún ọdún dáadáa, ó ń dá gbé, ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Bí ṣòkòtò mi bá ya, òun ló máa ń bá mi lẹ̀ ẹ́, á sì ní, “Bàbá, ṣé màlúù yẹn ló tún fà á ya ni?” Èmi náà á ní màlúù náà kí i.

Onílé wa ń gbé iwájú ilé kan náà. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó sórí àga rọ́bà ní fàráńdà, kò sì sí ayálégbé tó lè lọ pọn omi láìgba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Èmi tí mo dàgbà jù ú lọ pàápàá, mo máa ń ṣí fìlà fún un. Ẹni tó bá kọjá láìkí i, kó yáa máa wá ilé mìíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, onílé fi kọ́kọ́rọ́ kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn yàrá ọmọbìnrin náà. Èmi kò sí nílé. Ohun tí ọmọ náà sọ ní kọ́ọ̀tù ni mo ń sọ yìí. Ó ní onílé sọ fún òun pé bí òun bá pariwo, inú òjò ni ẹ̀rọ òun máa sùn, àti pé ta ló máa gba ọ̀rọ̀ ayálégbé gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ onílé. Ó ní òun sọ pé rárá. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ara òun kú, òun ò lè gbé ọwọ́ mọ́. Òjò ń lu páànù, etí kì bá tilẹ̀ gbọ́ igbe.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, mo ń run pákò. Onílé wà lórí àga rẹ̀. Ọmọbìnrin náà jáde pẹ̀lú korobá. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fi orúnkún kan ilẹ̀ fẹ́rẹ́ ni, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á sì lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó kúnlẹ̀ pátápátá, ó sì pẹ́ nílẹ̀.

“Ẹ kú àárọ̀ sà.”

“Kú àárọ̀. Ṣé o sùn dáadáa?” Báyìí ni ọkùnrin yẹn ṣe bi í, létí gbogbo wa.

“A dúpẹ́ sà.”

Kò gbé ojú sókè. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó di ògiri mú. Ọwọ́ korobá náà ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rí i. Mo rò pé ibà ni.

Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá láti Owódé ló bá a nínú yàrá tí kò ránṣọ, tí kò jẹun, ló bá fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó sì fà á dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ọlọ́pàá ṣe mú onílé, ilé wa dà rú.

“Irọ́ ni,” ìyá kan tó ń gbé ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ sọ ọ́, níbi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. “Ṣé ojú mi kọ́ ló ṣe kúnlẹ̀ fún un ni? Ẹni tí wọ́n fipá bá lò á wá kúnlẹ̀ kí onítọ̀hún?”

“Wọ́n ti jọ ń bá a bọ̀ tipẹ́ ni jàre,” ẹnì kejì dá a lóhùn.

Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin ò rí ọwọ́ rẹ̀ ni? Ó ń gbọ̀n.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ máa sọ ti màlúù yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó ti mọ́ mi lára.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ dé kọ́ọ̀tù, lọ́yà ìjọba wá bá mi. Obìnrin ni, kò dàgbà púpọ̀, bàtà rẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó jókòó. Ó ní, “Bàbá, òfin ò ní dandan ni kó pariwo. Òfin ò ní dandan ni kó jà. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé, ṣé ó fínnúfíndọ̀ gbà? Bó bá jẹ́ pé ìhàlẹ̀ ni wọ́n fi gbà á, tàbí ẹ̀rù ló pa á lẹ́nu mọ́, kò gbà nìyẹn. Àmọ́ èmi ni mo gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò gbà, ibẹ̀ ló sì ti le. Àwọn méjì péré ló wà nínú yàrá. Wọ́n á fi ìkúnlẹ̀ yẹn mú wa. Ẹ wá sọ bó ṣe kúnlẹ̀.”

Mo lọ. Mo wọ agbádá mi, mo búra, mo sọ ọ́ bí mo ṣe rí i, n kò fi ẹyọ kan kún un. Ó ṣòro fún mi o. Lẹ́ẹ̀mejì ni ẹnu mi fẹ́ yà kúrò lọ́nà, mo gé e jẹ.

Lọ́yà onílé dìde. Ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni.

“Bàbá, ẹ kú ìdúró. Ọmọ yẹn kúnlẹ̀ àbí kò kúnlẹ̀?”

“Ó kúnlẹ̀.”

“Ó kí wọn?”

“Ó kí wọn.”

“Ẹ̀yin náà, bí ènìyàn bá fìyà jẹ yín lánàá, ẹ ó kí i lónìí?”

“Bó bá jẹ́ pé òun ló nilé, mo máa kí i.” Kọ́ọ̀tù bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú, mo sì ń bá a lọ. “Ọ̀gá mi kan ní Papalanto lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi wà nínú oyún. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu géètì. Ṣé mo gbà pé kó lé mi ni? Ara wa ló mọ̀ ọ́n ṣe. A ti kúnlẹ̀ kí a tó rántí ẹni tí a ń kúnlẹ̀ fún.”

Mo rí i tí ọmọbìnrin náà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá níbẹ̀ ni kí ẹnì kan gba òun gbọ́.

Lọ́yà náà kò bínú. Ó tún agbádá dúdú rẹ̀ ṣe. “Bàbá, mo gbọ́ pé ẹ gbé màlúù la odò Ògùn kọjá rí. Ṣé òótọ́ ni?”

Mo wo ojú adájọ́. Mo wo ojú àwọn ará ilé wa lórí bẹ́ǹṣì. Mo ti búra.

“Mo... mo máa ń sọ ọ́,” ni mo wí.

“Mo dúpẹ́, Bàbá. Ó parí.”

Ọjọ́ ìdájọ́, adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ìwà ọmọlúàbí tí wọ́n kọ́ ọmọ yìí láti kékeré ni ìwọ ọkùnrin yìí fẹ́ fi bo ìwà ìkà rẹ.” Ó ní kí wọ́n mú onílé lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tó wá láti Owódé bú sẹ́kún ayọ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọbìnrin náà wá kó ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di orí kan mú, òun di ìkejì mú, wọ́n gbé e gba fàráńdà kọjá. Onílé wà lórí àga rọ́bà rẹ̀. Ọmọ náà ò kúnlẹ̀. Kò kí i. Kò wo apá ibẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó sọ wẹ́lẹ́ pé, “Bàbá, ẹ ṣé,” ó sì lọ.

“Ẹ ò rí aláìlẹ́kọ̀ọ́!” ni ìyá ẹ̀yìn yẹn wí.

Ẹ ó bi mí pé, ẹni tí wọ́n sọ sẹ́wọ̀n, báwo ló ṣe tún jókòó sí fàráńdà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí adájọ́ lẹ́nu yẹn, èmi ni mo hun ún. Ohun tó sọ gan-an ni pé ọ̀rọ̀ pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà ò sì rí nǹkan kan mọ́. Pé àwọn ará ilé ní ó kí ọkùnrin náà bó ti yẹ. Pé bàbá kan ṣoṣo tó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, òun ò lè fara ti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní iyèméjì wà, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni òfin sì ní kí iyèméjì ṣe láǹfààní. Ó ní kó máa lọ sílé. Ẹkún tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sun, òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe ti ayọ̀.

Ìdájọ́ yẹn nìkan ni mo purọ́ nípa rẹ̀. Ìyẹn àti màlúù. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.