Rájí àti Kọ̀ǹpútà tí Kò Mọ Àgbà

Ọjọ́ tí Rájí pọ̀n kọ̀ǹpútà láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, gbogbo ẹni tó rí i lójú ọ̀nà ló ń sọ ọ́ títí di òní, àwọn tí kò sì rí i ló ń sọ ọ́ jù. Èmi rí i. Níwájú ilé mi ló ti gun ọ̀kadà. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé lé itan o. Àpótí irin ni, ó wúwo. Ọlọ́kadà ní kí àwọn fi rọ́bà dè é mọ́ ẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń de àpò ìrẹsì, Rájí sì wò ó bí ẹni tí wọ́n bú ní ìyá. Ó padà sílé rẹ̀, ó mú ìró ìyàwó rẹ̀ tó ti kú jáde, ó gbé àpótí náà pọ̀n, ó fi ọ̀já gbà á nídìí. Arúgbó onírùngbọ̀n funfun. Nígbà tí a dé Àkùngbá, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń retí mọ́tò kí i pé ẹ kú ọmọ. Ó ní a dúpẹ́, ara rẹ̀ ni kò yá.

Mo ní a, torí mo gun ọ̀kadà kejì tẹ̀lé e. Ràfíátù àbúrò mi ló ni ìró yẹn, n ò sì fẹ́ kó ya á.

Ṣọ́ọ̀bù Caleb là ń lọ, ní Ìwárò-Ọ̀kà, ọmọkùnrin kan báyìí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Rájí ò kí i. Ó sọ ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Caleb, ta ni wọn ò mọ̀?"

Caleb ní, "Bàbá, ẹ jókòó ná."

"N ò jókòó. Kọ̀ǹpútà yìí kọ ọ́ síwájú orin Ràfíátù pé ẹni tí a kò mọ̀ ló kọ ọ́. Ó kọ ọ́ sí ti Alhaja Safinat. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin orin, ó ní òun ò mọ ẹnì kan ṣoṣo. Ìlú wo ló ti wá?"

Caleb wá ṣàlàyé fún wa pé sọ́fúwíà ló ṣe é. Sọ́fúwíà ni ohun tó máa ń to nǹkan fún kọ̀ǹpútà, bí ìgbà téèyàn gba ọmọọ̀dọ̀ tó ń to ilé. Ó ní, "Tí ẹ ò bá sọ orúkọ fún un, Bàbá, kò lè mọ̀."

"Tó bá rí i pé òun ò mọ̀, ṣé kò lẹ́nu láti béèrè ni?"

Títí Rájí fi kú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn ọ̀rọ̀ yẹn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ló dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń jà fún. Rédíò ni Rájí ń túnṣe ní Ìkàrẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọkùnrin. Kò sí ibi tí àwa obìnrin ti ń kọ wákà tí kì í gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ wá: ìsọmọlórúkọ, yìgì, ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti Mẹ́kà dé. Ibẹ̀ ló ti rí àbúrò mi. Ó máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ lòun kọ́kọ́ gbà sílé, kóun tó wá gba Ràfíátù fúnra rẹ̀. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Rájí gbọ́dọ̀ wúkọ́. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì kan tí ikọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Bìsìmílà, ó ti ń yí, ẹ máa wí." Mo bú u títí pé ikọ́ ẹ ló ń ba orin wa jẹ́. Ó ní orin wa ló ń tẹ̀lé ikọ́ òun.

Nígbà tí Ràfíátù kú, fọ́tò tó dáa kan ò sí. Ohùn yẹn ló kù. Kásẹ́ẹ̀tì sì ti ń hu funfun, òmíràn á kọrin tán, á sì já. Rájí ra kọ̀ǹpútà, ó fi wáyà kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko. Ohun tó ń wá ò pọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣí àpótí yẹn lọ́jọ́ kan, kó rí orúkọ Ràfíátù níbi tó yẹ kó wà, kó tẹ̀ ẹ́, kí Ràfíátù kọrin fún un. Ó fẹ́ kí ìyẹn dúró dáadáa kóun tó kú. Kọ̀ǹpútà ló ń bá a ṣagídí.

Caleb lé ọmọọ̀dọ̀ àkọ́kọ́ yẹn jáde, ó fi òmíràn sí i, ó sì tẹ orúkọ gbogbo ènìyàn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Rájí gbé e délé, ó pè mí kí n wá wò ó. N ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ojú Rájí. Bó ṣe ń kà á sí mi létí lọ sísàlẹ̀ ni ojú yẹn ń pọ́n.

Happiness ló wà lókè pátápátá. Happiness, ọmọ tíṣà tó wà ládùúgbò wa, tó kọ orin Kérésì kan ṣoṣo fún Rájí nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ò tíì hù. Alhaja Safinat tó kọ́ gbogbo wa ní wákà ló wà nísàlẹ̀, lábẹ́ gbogbo ènìyàn, wọn ò tiẹ̀ fi Alhaja sí i. Safinat lásán, bí ẹni ń pe ọmọ tó ń kiri omi.

A tún padà sí Ọ̀kà. Caleb ní a-b-d ni sọ́fúwíà yẹn fi to wọn.

Rájí ní, "Nílé yín, tí wọ́n bá bu oúnjẹ, ṣé a-b-d ni wọ́n fi ń pín ẹran?"

"Rárá, Bàbá."

"Ta ló máa ń kọ́kọ́ mú?"

"Bàbá mi ni."

"Kí lorúkọ bàbá ẹ?"

Caleb ní Ọlálẹ́yẹ ni. Rájí ní tó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà yìí ni, Caleb á ti jẹ ẹran tán kí bàbá rẹ̀ tó fọwọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún díẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ a-b-d yẹn kan náà fi èmi síwájú Ràfíátù tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún. Mo kàn rí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò mọ̀.

Ìgbà tí Rájí fẹ́ to wọn bí wọ́n ṣe jùra wọn lọ, ó mú ìwé àti bírò, ó ń ti ilé bọ́ sí ilé, ó ń bi àwọn àgbàlagbà obìnrin ní ọjọ́ orí wọn. Mo bínú. Ìwọ̀sí wo ló tún jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin yẹn dójú tì mí. Àwọn tó ti ń fi ọjọ́ orí pamọ́ láti ìgbà ọmọge, bí wọ́n ṣe gbọ́ pé ẹni tó dàgbà jù ló máa wà lókè, gbogbo wọn ló fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún lọ́jọ́ kan náà. Ìbíyínká, tí mo bá wọn jẹ níbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀, ní òun rántí ogun Hítílà dáadáa.

Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi. "Màrdíyyàh, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Ẹ gbọ́ bó ṣe pè mí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni mí o. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ọmọ ilé wa, àti èyí tó lówó àti èyí tí ò ní, Àǹtí ni wọ́n ń pè mí. Rájí nìkan, láti ọjọ́ yìgì, Màrdíyyàh lásán. Ó ní òun ju mí lọ, pé yìgì ò lè sọ òun di àbúrò. Ẹni tó ń bá kọ̀ǹpútà jà nítorí àgbà.

Mo ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́ lọ. Lọ́dún òmìnira tí wọ́n pín ife fún àwọn ọmọdé ní pápá, ẹ̀gún gún ọ lẹ́sẹ̀. Ta ló pọ̀n ọ́ lọ gba tìẹ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn."

"Ta ni mo wá pọ̀n lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọmọ ẹlòmíì ni. Ẹ̀yìn ẹ ò jẹ́ kó o rí ojú ẹ̀."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì fọwọ́ bò ó kí n má bàa rí i. Èmi tí n ò mọ̀wé.

Ọmọọ̀dọ̀ kẹta tí Caleb fi sí i ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìyẹn lẹ́wà, ó ń tan iná pupa àti aláwọ̀ ewé bí orin bá ń lọ. Kò tíì lò tó ọjọ́ méjì tó fi bi Rájí pé òun rí àwọn orin tó jọra, ṣé kóun bá a kó èyí tó ti pọ̀ jù kúrò. Rájí rò pé ìmọ́tótó ni, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wò ó, wákà ìsọmọlórúkọ wa, ọ̀kan náà ni láti ìgbà Alhaja Safinat. Orúkọ ọmọ là ń pààrọ̀ nínú rẹ̀. Rájí sì ti tẹ "Ìsọmọlórúkọ" sí gbogbo wọn, kí ni ì bá tún pè é? Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ orúkọ ọmọ kankan. Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó kó igba ó lé méjìlá lọ. Ẹyọ tó fi sílẹ̀ yẹn, èmi ni mo kọ ọ́, lọ́jọ́ tí ọ̀fìnkìn mú mi.

Gbogbo ti Ràfíátù lọ. Ìsọmọlórúkọ ló máa ń kọ jù.

Àárọ̀ ni Rájí wá sí ẹ̀yìnkùlé mi, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná mi. Ó ní, "Màrdíyyàh, mo ti tún Ràfíátù pa."

N ò bú u. Ọjọ́ kan ṣoṣo láyé wa nìyẹn. Mo dìde, mo mú ìró yẹn, èmi ni mo bá a gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, èmi ni mo so ọ̀já.

Nígbà tí a dé Ọ̀kà, Caleb tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọkàn yín balẹ̀. Wọn ò sọnù. Ibi tí kọ̀ǹpútà ń da ìdọ̀tí sí ni wọ́n wà, mo ti ń kó wọn jáde."

Rájí ní alihamudulilai lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹ̀yìn ti ògiri, omi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó dáadáa. Ó ní, "Ibi tó ń da kí ni sí?"

"Ìdọ̀tí, Bàbá."

"Ìyàwó mi?"

A dì í mú. Ó ní kí wọ́n yọ sọ́fúwíà yẹn lójú òun báyìí báyìí, kí òun rí i bó ṣe ń jáde. Kó tó gbà kí n gbé àpótí náà lé e lẹ́yìn padà, ó ní kí Caleb fi aṣọ tútù nù ún.

Ìgbà tó tún padà lọ, Caleb ti kó oríṣiríṣi sọ́fúwíà jọ dè é. Ọ̀kan ń wá àwòrán fúnra rẹ̀. Ọ̀kan máa ń yan orin tó yẹ kéèyàn gbọ́. Rájí ní ta ló bẹ̀ ẹ́. Ó ní èyí tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn ò bi í lòun ń fẹ́, tí kì í da nǹkan nù, tó máa jẹ́ kóun fi ẹni tóun fẹ́ síwájú. Caleb wá mú ọ̀kan jáde nísàlẹ̀, kò láwọ̀, kò lẹ́wà, ilà gbọọrọ nìkan bí ìwé tíṣà. Èèyàn lè fi nọ́ńbà síwájú orúkọ, èèyàn sì lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Caleb ní, "Bàbá, èyí ti gbó o. Ó ti lé lógún ọdún, kò sẹ́ni tó ń lò ó mọ́."

Rájí ní, "Fi í síbẹ̀. Ìyẹn á mọ àgbà."

Oṣù mẹ́jọ ló fi jókòó tì í. Ó parí rẹ̀ nínú oṣù Rájábù, ó sì kú kí Ààwẹ̀ tó wọlé.

Limota ọmọ rẹ̀ ti Abuja dé, ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà fún ẹni tó bá fẹ́, pé orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń gbọ́ orin báyìí. Mo jókòó lé àpótí náà. Mo ní n ò dìde àfi tí Caleb bá wá ṣí i. Wọ́n ránṣẹ́ pè é ní Ọ̀kà, ó wá lọ́jọ́ kejì. Mo ti lọ sùn ṣá o, mo sì ti padà wá jókòó.

Caleb ń kà á. Nọ́ńbà kìíní, Alhaja Safinat, olùkọ́ gbogbo wọn. Ìbíyínká wà níbi tó yẹ ẹ́, Rájí kọ ọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò sí ogun Hítílà kankan. Happiness ló kẹ́yìn, ó ní eyín ti hù. Mo ní kí wọ́n wá Ràfíátù fún mi. Nọ́ńbà kẹsàn-án. Caleb tẹ̀ ẹ́. Ikọ́ ló kọ́kọ́ jáde. "Bìsìmílà, ó ti ń yí, ẹ máa wí." Àbúrò mi sì wí. Limota jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó parí, mo ní ta ló wà ní ìkẹjọ. Caleb ní Rájí fúnra rẹ̀ ni, pé kò sí orin níbẹ̀, ikọ́ kan ṣoṣo ni. Mo ti mọ̀. Mo ti mọ̀ pé ó máa fi ara rẹ̀ síwájú mi. Mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè.

"Ta ló wà ní ìkeje?"

Caleb wojú mi. "Mámà, ẹ̀yin ni. Ó kọ ọ́ pé Àǹtí Màrdíyyàh."

Mo ní kó tún un kà.

"Àǹtí Màrdíyyàh. Ó kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, òun ló pọ̀n mí lọ gba ife."

Mo bú Rájí dáadáa lọ́jọ́ yẹn, lójú ọmọ rẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, ó mọ̀, ó ń wò mí. Ìgbà tí mo bú u tó, mo ní kí Caleb bá mi tẹ ìkẹjọ yẹn, kí n gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́.