Àwọn Ló Ni Ín

Bí ẹ bá bi mí pé kí ló gba iṣẹ́ Rodiat lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò ní sọ pé òyìnbó ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀kọ́ ilé tí gbogbo wa fi ń yangàn, tí a fi ń na ọmọ títí yóò fi mọ́ ọn lára, òun ló mú ohun tí ọmọbìnrin yẹn fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe, tó gbé e fún ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ má baà máa retí pé n óò bẹ̀rẹ̀ sí í fi oyin sí i tó bá yá.

Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Ìkòròdú, lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìpakodò. Tàjùdéèn, bàbá Rodiat, ará Ìwó ni. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló gbé e wá sí Èkó, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, owó ilé sì di wàhálà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Àlàájì Ṣàmsúdéènì Oyèdèjì, ló fún òun àti ìdílé rẹ̀ ní yàrá méjì nínú ilé tó kọ́, tí kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn títí Tàjùdéèn fi ríṣẹ́ mìíràn. Oore ni, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ oore náà wá di ohun tí gbogbo ilé ń kúnlẹ̀ fún. Dádì ni Rodiat àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń pe Àlàájì. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ, Bàbá lásán ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá mi wí pé mò ń pe àgbàlagbà tó jù mí lọ ní "ó." Mo ti pe Àlàájì ní "wọ́n" fún ọdún gbọọrọ, ó ti tó.

Káfé kan wà nísàlẹ̀ ilé náà, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń sanwó lọ sórí ayélujára. Àlàájì ló ni ín. Nígbà tí Rodiat parí ní pólì tí kò ríṣẹ́, ibẹ̀ ló jókòó sí, tó ń bá a ta àkókò fáwọn oníbàárà, tó ń tún kọ̀ǹpútà tó bá dákú ṣe. Ibẹ̀ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, láìsí olùkọ́ kankan.

Ìyá rẹ̀, Mùlíkátù, ẹja ló ń tà. Á jí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí. Ìgbà mìíràn á bá ẹja ní yanturu, ìgbà mìíràn á ná owó ọkọ̀ tán, á gbé abọ́ òfìfo padà wálé, á sì kanra mọ́ gbogbo ilé dalẹ́. Ní ọdún 2007, Rodiat fi wáyà so fóònù àlòkù kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kọ ètò kan sí i. Bí àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ pé àrọ̀ ló dé, tàbí ẹpìyà, pé iye báyìí sì ni, ẹni tó wà ní Ìkòròdú tàbí ní Agbówà lè béèrè lórí fóònù tirẹ̀, kí ìdáhùn sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó tó wọ ọkọ̀. Ẹja Dé ló sọ ọ́. Èmi náà wà lára àwọn oníbàárà rẹ̀, nítorí mo máa ń ra ẹja yíyan lọ tà fáwọn ará ibi iṣẹ́ mi ní Marina.

Ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà nìkan ni iṣẹ́ náà. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá Ẹ̀pẹ́ yẹn kò mọ fóònù tẹ̀, wọn ò sì fẹ́ fi káàdì ṣòfò. Rodiat lọ ń jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn kó ẹja, ó ń gbọ́ èébú wọn, títí ó fi rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ra líìnì méjì. Bí ẹja bá pọ̀, kí wọ́n fláàṣì líìnì àkọ́kọ́; bí ẹja bá wọ́n, kí wọ́n fláàṣì ìkejì. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á pa á, kò ná wọn ní kọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà á sì mọ ẹni tó pè àti ohun tó fẹ́ sọ. Ìgbà tó ṣe èyí ni Ẹja Dé tó di ohun tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́. Inú ọmọ náà máa ń dùn débi pé á máa rẹ́rìn-ín sí fóònù.

Dámiláre, tí wọ́n jọ kàwé ní pólì, ti lọ sí Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ó ń ṣiṣẹ́ ní Kalifóníà. Òun ló ṣàlàyé fún Rodiat pé àwọn olówó kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń kówó lé òwò tó ṣì wà nínú oyún. Wọ́n á fún mẹ́wàá lówó, wọ́n á ti mọ̀ lọ́kàn ara wọn pé púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò kú, ọ̀kan tó bá yè ni yóò san gbogbo rẹ̀ padà fún wọn ní ìlọ́po-ìlọ́po, torí wọn kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ìpín ni wọ́n ń gbà. Áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Mùlíkátù gbọ́ áńgẹ́lì, ó ní ṣé màláíkà nìyẹn, láti ọjọ́ náà ló ti ń fi wọ́n sínú àdúrà lẹ́yìn ìrun. Mo ní irú màláíkà wo ló ń bu ìpín nínú oúnjẹ ẹni tó wá ràn lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín dáadáa. Kò tíì dùn wá nígbà yẹn.

Dámiláre sọ̀rọ̀ Ẹja Dé fún ọ̀kan nínú wọn, Mister Kẹ́ńdàl, tó ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Victoria Island ní ọdún 2008. Ọkùnrin náà ní òun yóò ya Ìkòròdú wá wò ó. Dámiláre wá kìlọ̀ fún Rodiat lórí fóònù pé kí ó fetí sílẹ̀ o: àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í wo òwò tó bẹ́ẹ̀, torí òwò náà ṣì kéré, ẹni tó dá a sílẹ̀ ni wọ́n ń wò. Òun ni wọ́n ń kówó lé. Rodiat ní òun gbọ́.

Èmi kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òyìnbó dé, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ tó ìgbà tí mo fi lè kà á lórí. Pálọ̀ Àlàájì ni wọ́n jókòó sí, torí kò síbòmíràn tó ṣeé gba àlejò. Àlàájì wọ jalabíà funfun, ó jókòó sórí àga ńlá. Òyìnbó wọ ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún. Rodiat ṣàlàyé, ó fi han ọkùnrin náà bí ìdáhùn ṣe ń wọlé láti Ẹ̀pẹ́, òyìnbó ń mi orí, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wá béèrè pé ta ló ni òwò náà, ta ló dá a sílẹ̀.

Rodiat kọjú sí Àlàájì, ó tẹ orúnkún ba, ó sì fi èdè òyìnbó sọ ohun tí ọmọ gidi máa ń sọ:

"Àwọn Dádì ló ni ín. Èmi kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

Kí ni ẹ fẹ́ kó sọ? Nínú ilé àgbà, lórí kọ̀ǹpútà àgbà, lójú àgbà fúnra rẹ̀, ọmọ wo níbí ni yóò la ẹnu pé tèmi ni? Àlejò tó bá bi mí pé ta ló ni ọmọ tí mo gbé lọ́wọ́, tí ìyá ọkọ mi bá wà nítòsí, àwọn ni n óò nawọ́ sí. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ọmọdé á jù ú sí àgbà, àgbà á sì jù ú padà. Àgbà á ní, "Rárá o, òun ló ṣe é, àdúrà lásán ni tiwa." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí, iyì á kan ọmọ, iyì á kan àgbà. Rodiat ní òun ò tíì nàró tán, òun ń dúró de ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù.

Àlàájì wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Òyìnbó bọ Àlàájì lọ́wọ́.

Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí àdéhùn fi dé láti Kalifóníà. Inú káfé yẹn náà ló dé sí, Rodiat fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà fún Àlàájì. Orúkọ Àlàájì ló wà níbi tí wọ́n ti kọ olùdásílẹ̀. Wọ́n ní kí ó fi orúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó lọ fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀ sí i. Rodiat wà níbẹ̀ o, wọ́n dárúkọ rẹ̀: olùrànlọ́wọ́.

Ó gba ọ̀dọ̀ Àlàájì lọ. Ó kúnlẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe é."

"Rodiat, ẹnu ta ni òyìnbó ti gbọ́ ọ?"

"Mo fi bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà."

"Mo sì gba ọ̀wọ̀ náà," ni Àlàájì wí, ó sì padà sídìí tẹlifíṣàn.

Bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú ti ẹni tó gbà wọ́n sílé. Ọkùnrin náà sunkún, mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ó ní ṣé ó fẹ́ kí ayé máa wí pé ọmọ Tàjùdéèn ló bá olóore wọn fa nǹkan. Mo fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n kí ni n óò bú nínú ẹni tó ti ń fi ọdún méje dọ̀bálẹ̀? Mùlíkátù ní tirẹ̀ dẹ́kun àdúrà áńgẹ́lì.

Dámiláre gbìyànjú. Ó pe Mister Kẹ́ńdàl, ó sọ òtítọ́ fún un. Ọkùnrin náà ní òun béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lójúkojú, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ó ní nínú gbogbo ọdún tí òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn tó ń pe ohun tí wọn kò ṣe ní tiwọn ni òun mọ̀. Òun kò rí ẹnì kan rí tó sọ pé tòun kì í ṣe tòun. Nítorí náà, ìsinsìnyí ló ń purọ́. Ó tún fi kún un pé bí ìjà bá wà nílé náà, òun yóò kó owó òun kúrò. Báyìí ni wọ́n ṣe pa á mọ́ Rodiat lẹ́nu.

Ó dúró sídìí iṣẹ́ náà díẹ̀ sí i, nítorí àwọn ìyá Ẹ̀pẹ́. Àlàájì gba ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ra mọ́tò, ó gba àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń fi èdè òyìnbó fọ́nnu. Wọ́n ní fífi fláàṣì ṣòwò kò bójú mu, pé kí gbogbo oníṣòwò máa wá sórí ayélujára. Wọ́n gé líìnì méjèèjì. Rodiat ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi í léèrè pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ ná. Ọjọ́ yẹn ló gbé báàgì rẹ̀ tó lọ.

Ìyá Mojúbàolú, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, pè é lẹ́yìn náà. Ó ní àwọn ń fláàṣì, kò wọlé. Ó ní kí Rodiat máà bínú, bí àwọn bá ṣẹ̀ ẹ́ kó sọ. Ó ṣòro fún mi láti gbàgbé bí ọmọ náà ṣe gbé fóònù yẹn kalẹ̀. Kí ọdún 2009 tó parí, Ẹja Dé ti kú pátápátá. Mùlíkátù tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ẹ̀pẹ́ láìmọ̀ bóyá ẹja wà.

Dámiláre wálé lọ́dún yẹn. Fàráńdà mi ló ti bá Rodiat, ó fẹ́ tù ú nínú. Ó ní kó má dààmú, Mister Kẹ́ńdàl kò tilẹ̀ bínú, ó ti ka Ẹja Dé mọ́ àwọn tó kú, ó ti kọjá síbòmíràn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún. Ó wá ní, kódà, ẹni tí òwò rẹ̀ bá ti kú rí, iyì ni fún un níbẹ̀. Àwọn áńgẹ́lì gbà pé onítọ̀hún ti kọ́gbọ́n, tó bá tún gbé òmíràn dé, wọ́n máa ń sáré fún un lówó.

Rodiat gbé ojú sókè. Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú yẹn lára rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà lè kọ̀wé sí wọn nígbà yẹn. Mo lè sọ pé mo ti ṣe ọ̀kan rí, pé ó kú."

Dámiláre wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n á béèrè orúkọ èyí tó kú. Bí wọ́n bá sì wá Ẹja Dé, Àlàájì ni wọ́n máa rí. Ó ní wọ́n ti pe Àlàájì, ní oṣù tó ń bọ̀ ló máa wọ bàálù lọ sí Kalifóníà, kó lọ sọ fáwọn ọ̀dọ́ bí òun ṣe kùnà àti ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ níbẹ̀.