Ìwé Ajẹ́lẹ̀ Nígbà Ogun Jámánì

Kí ogun Jámánì tó dé, irọ́ ìjọba òyìnbó ṣì mọ níwọ̀n. Wọ́n ní nítorí tiwa ni wọ́n ṣe la ọ̀nà rélùwéè, a rẹ́rìn-ín, a sì ń wọkọ̀. Èmi ni mò ń túmọ̀ ìwé Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú wa. Akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Èkó kan, á ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, á là á yé mi, èmi á fi ọwọ́ kéú, ìkọ̀wé Lárúbáwá, kọ ọ́ ní Yorùbá, n ó sì kà á sétí àwọn ará Ìlọrin lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìwé kìíní ní kò kàn wá rárá. Kò pẹ́, òmíràn dé: wọ́n ń fẹ́ aláàárù, Lọ́kọ́ja ni wọn yóò ru ẹrù dé, wọn yóò sì padà kí iṣu tuntun tó jáde. Ọkọ àbúrò mi, àgbẹ̀ tí kò rí odò Ọya rí, wà lára àwọn tí dòǹgárì, ọlọ́pàá ọba, kó.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Lọ́kọ́ja náà ni lóòótọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí." Ọkàn mi kò gbà á, ẹnu mi ṣáà sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí, ọba Túkì, olórí àwa Mùsùlùmí, tí wọ́n ti ní ká máa ṣàdúà fún, tí wọ́n pè ní ọ̀rẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, di ẹrú Jámánì nínú ìwé láàárín oṣù mélòó kan. Mo bi akọ̀wé pé kí ni ọba náà ṣe.

Ó ní, "Àlùfáà, ẹ ṣáà túmọ̀ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Lọ́jọ́ kan, aláàárù kan padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú. Ó ní wọ́n ti ré Lọ́kọ́ja kọjá, wọ́n dé Kamẹrúùnù níbi tí ogun ti ń jà, ìgbẹ́ ọ̀rìn sì pa àna mi. Òun ló sin ín sétí ọ̀nà, òun ló kírun sí i lára. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ opó.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé tuntun dé pé gbogbo aláàárù wà ní àlàáfíà, wọ́n tilẹ̀ ń sanra. Ẹnikẹ́ni tó bá ní wọ́n ń kú, amí Jámánì ni. Irọ́ àtijọ́ máa ń bẹ̀ wá pé ká gba òun gbọ́. Ti ogun yìí ń wá ẹni tí kò gbà á gbọ́ kiri, kó lè mú un.

Mo kà á tán. Mo wá nàka sí ọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ wíwú náà láàárín èrò, mo ní, "Ìwé parí. Ẹni tó sin àna mi ló dúró yẹn. Ẹ bi í."

Dòǹgárì gbá mi mú, ṣùgbọ́n èrò ti bo ọkùnrin náà mọ́ àárín wọn, wọn kò rí i mú. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi wà látìmọ́lé. Nígbà tí wọ́n mú mi jáde, Ajẹ́lẹ̀ ní kí akọ̀wé sọ fún mi pé ìgbà ogun ni, kí òtítọ́ ṣe sùúrù ná. Mo wo òyìnbó náà, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tí ń dán, ó ṣe mí bíi pé kí n tutọ́. N kò tu ú. Mo lọ sílé.

Wọ́n wá àlùfáà mìíràn tí ohùn rẹ̀ dùn jù tèmi lọ. Àwọn èèyàn á gbọ́ ọ tán, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á sì gba ilé ẹlẹ́sẹ̀ wíwú lọ bèèrè ọmọ wọn.