Ẹyin Tí Màmá Mi Kò Jẹ

Bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè ní Àgbàdo, èjìká mi ṣì máa ń ro mí.

Ọ̀sán ni, à ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú màmá mi ti ń ṣú, wọn ò ríran dáadáa mọ́, ni wọ́n bá tún fi ọjọ́ mọ́kànlélógún kún ààwẹ̀ tí wọ́n ti ń gbà láti ọdún tó kọjá. Gààrí lásán ni wọ́n fi ń ṣínu.

A wà lórí ojú irin nígbà tí fèrè dún. Wọ́n dúró gbagidi, èékánná wọn wọ̀ mí léjìká.

"Ibo ló ti ń bọ̀?"

Mo fà wọ́n títí a fi kọjá. Bàtà wọn kan kù síbẹ̀.

Mo yọ ẹyin sísè tó ti fọ́ nínú báàgì mi. "Mọ́mì, ẹ jẹ ẹ́."

"Inú ààwẹ̀ ni mo wà o. Bí mo bá jẹ ẹ́, ojú mi ò ní í là. Ìwọ jẹ ẹ́."

Ó pẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan tó sọ fún wa pé àìjẹ oúnjẹ gidi ló ń ba ojú náà jẹ́, abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ ló sì là á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ojú irin yẹn, mo jẹ ẹyin náà tán níwájú màmá mi.