Oríkì Tí Mo Kọ Síta

Àárò kan ń sọ mí tí mi ò lè sọ fún àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká. Mo fẹ́ pe ọmọbìnrin mi lóríkì, kó sì dá mi lóhùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Ìyá ọkọ mi ló fún un lóríkì náà ní Oǹdó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Àwọn tíṣà ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn, ṣùgbọ́n inú ilé nìkan la ti ń pe oríkì yìí. Bí mo bá pè é láàárọ̀, orí á wú u, á fò dìde lórí ẹní. Ìyá àgbà sì ti kọ́ ọ pé ẹnikẹ́ni tó bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹbí ni, kó má bẹ̀rù.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nǹkan le. Owó oṣù ò wọlé déédéé, kò sí kéèkì, kò sí ìrẹsì aládìyẹ. Mo ní ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí ayé bá mi kí i. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo ní ọmọ-ọmọ Oǹdó ni, mo sì fi oríkì rẹ̀ dé e ládé. Wọ́n kí i títí. Mi ò mọ ìdajì wọn, inú mi sì ń dùn bíi ti òpònú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkùnrin kan dá mọ́tò dúró níwájú ilé ìwé wọn, ó pe ọmọ mi lóríkì, ó ní màmá Oǹdó ló rán òun. Ọmọ mi ò bẹ̀rù, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú mọ́tò kí tíṣà kan tó figbe ta, tó fà á jáde. Ọkùnrin náà sá lọ. Ẹsẹ̀ bàtà ọmọ mi kan bá a lọ.

Nígbà tí mo sáré dé, mo pè é lóríkì láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó fọwọ́ dí etí. "Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́!"

Ìbẹ̀rù mú ká mú un lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Ọmọ mi á kúnlẹ̀ kí mi, á gbé omi fún mi, bíi pé àlejò ni mí.

Lọ́dún yìí, ọ́fíìsì wa ń ṣiṣẹ́ lórí òfin tí yóò dáàbò bo ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń kó àbá jọ. Mo ní kí wọ́n fi oríkì kún ohun nípa ọmọdé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà tàbí lò. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín. "Madam, òfin la ń kọ, kì í ṣe ewì." Inú bí mi, mo sọ ìtàn náà fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi sí i.

Mo fi ìwúrí gbé ìwé àbá òfin náà fún ọmọ mi nígbà tó ti yunifásítì wá sílé wa ní Ọ̀bà-Ilé. Ó kà á tán.

"Mọ́mì, ìyá tó bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síta ńkọ́?"

Mo gba ìwé náà, mo wo àwọn tí òfin náà dè. Ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé wà níbẹ̀, ọ̀daràn wà níbẹ̀. Ìyá ò sí. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Àtikékeré ni mo sì ti mọ òwe yẹn.

"Ẹ fi sí i," ó ní. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ pé òbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè kó tó kọ oríkì rẹ̀ síta.

Bó ṣe ń wọ yàrá lọ, ara mi ò gbà á mọ́. Mo pè é lóríkì, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ ò bi mí."

Mo bi í. Ó ní òun máa rò ó.